Ẹni Tó Ń Bá Mi Wẹ Ọmọ

Lọ́dọ̀ tiwa ní Kàbà, ìyá ọmọ kọ́ ló ń wẹ ọmọ ìkókó. Ìyá ìyá ọmọ ni. Á ti ilé rẹ̀ wá pẹ̀lú kànìnkànìn tuntun àti ìgò àdín, á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á sì tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ náà gbalaja. Á fi ọwọ́ tẹ orí ọmọ kó lè rí bó ṣe yẹ, á fa apá, á fa ẹsẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀ kí ẹ̀rù má baà máa bà á lọ́jọ́ iwájú. Ìyá ọmọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tòun ti aṣọ ìnura lọ́wọ́, bí ẹni tó wá wòran. Bó bá ní kí wọ́n rọra, wọ́n á bi í pé báwo ni wọ́n ṣe wẹ òun fúnra rẹ̀ tí kò kú.

Mo fẹ́ràn àṣà yìí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo àṣà ni mò ń bá jà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an ni àṣà. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa bí ìran ènìyàn ṣe ń gbé láyé, ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí à ń ṣe, àti ìdí tí ohun tó ń pa wá lára kì í fi í tètè kú láàárín wa. Nínú gbogbo rẹ̀, dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin ni mo gbájú mọ́ jù.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìyá mi, Iye, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá ẹni lọ́dọ̀ wa, bí ọmọbìnrin kan ṣáájú mi ní Òkè-Bùkún. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, olóòlà wá, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọmọ náà kú sórí ẹsẹ̀ Iye. Nígbà tí wọ́n wá bí èmi, Iye gbé mi pọ̀n, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi abẹ kàn mí, kó kọ́kọ́ fi kan òun. Ìyá bàbá mi bá a jà títí. Àwọn ìyàwó ilé ní ọmọ tí a kò dá abẹ́ fún á ya oníṣekúṣe, kò ní rí ọkọ gidi fẹ́. Wọ́n ní bó bá tilẹ̀ rí ọkọ, lọ́jọ́ tí orí ọmọ rẹ̀ bá kan nǹkan ọ̀hún níbi ìrọbí, ọmọ náà á kú. Iye gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò yí ohùn padà. Bí mo ṣe dàgbà láìní àpá nìyẹn. Bí mo bá lọ pọn omi, àwọn ẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á sì fi èébú san án fún wọn, torí inú líle ti wà lára mi láti kékeré.

Nígbà tó yá, Iye ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọgbẹ́ fọ̀ tó o. Òwú tó bá tẹ́ sójú ọgbẹ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ á dọ́gba bí ẹni pé rúlà ló fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri abúlé láti kìlọ̀ nípa abẹ́ dídá, Iye ni wọ́n máa ń tì síwájú. Ó lọ dé Ìyàrá, ó lọ dé Odò-Ẹrẹ̀. Á kí wọn bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ Okun pé, "Okun o, ẹ̀yin ìyá mi," á wá sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ tó kú. Àwọn obìnrin á sunkún, wọ́n á ṣèlérí, wọ́n á sì fún un ní iṣu mú relé.

Ẹ ò rí i pé bí mo bá ń kọ́ni, kò sí àpẹẹrẹ mìíràn tí mo tún ń wá kiri. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kì í ṣe ìkà ló ń mú kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ fún olóòlà. Ìfẹ́ ni. Láyé àtijọ́, ilé ọkọ ni oúnjẹ obìnrin, ilé ọkọ ni ààbò rẹ̀. Ìyá tó bá mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ìlú kò ní fẹ́ ọmọ tí a kò dá abẹ́ fún, á gbà kí ọmọ rẹ̀ jẹ ìrora lónìí kó má baà jẹ ìyà lọ́la. Bó bá pẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣíwọ́. Ilé kan ń wo ilé kejì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń jẹ̀rora láti ìran dé ìran. Mo ní ohun tí àṣà bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù ni ẹnì kan ṣoṣo tó kọ̀, tí nǹkan kan kò sì ṣe ọmọ rẹ̀. Màá wá fọwọ́ sọ́yà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan dìde ní kíláàsì, ó ní, "Màá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe àwa ọkùnrin sí i o. Obìnrin ló ń ṣe obìnrin. Àwa kì í tilẹ̀ sí níbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní òótọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo obìnrin tí mo wádìí lẹ́nu wọn ní Bùnù àti Ìjùmú sọ fún mi náà nìyẹn: obìnrin kan á mú abẹ lọ́wọ́, obìnrin kejì á di ẹsẹ̀ ọmọ mú, torí ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Ọmọ ìkókó tí ẹ rí yẹn, bí ìrora bá mú un, agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin ni.

Ọmọ Kàbà ni ọkọ mi. Lọ́kọ́já ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó jẹ́ pé bí mo bá ń pariwo, á kàn máa bọ́ bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi máa dákẹ́. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un kí a tó ṣègbéyàwó pé wọn kò dá abẹ́ fún mi. Ó ní kí ló kan òun níbẹ̀.

Oyún wa àkọ́kọ́ pé oṣù rẹ̀, mo rọbí títí, ọmọkùnrin tí mo bí kò mí. Dókítà ní okùn ìwọ́ rẹ̀ ló lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ṣàlàyé fún Iye, mo tilẹ̀ fi ọ̀já ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Ó mi orí. Ọkọ mi ló gbé pósí kékeré náà lọ sin, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Àwọn obìnrin àdúgbò kò sọ nǹkan kan lójú mi, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe adití. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú wọn nídìí kànga tó ń sọ pé, "Orí ọmọ ti kàn án." Mo yọ sí i, mo bú u débi pé ó gbàgbé garawa rẹ̀ síbẹ̀.

Ọlọ́run ṣàánú, mo tún lóyún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ yìí jáde. Obìnrin ni, ó sì ń ké bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Iye dé tòun ti kànìnkànìn àti àdín. Kó tó jókòó ni mo ti sọ tẹnu mi, n kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Iye, abẹ kò gbọdọ̀ kan ọmọ yìí o."

Ó wò mí, ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi lo ń sọ ìyẹn fún? Èmi tí mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Okun?" Nígbà tó rí i pé ojú mi kò tíì rọ̀, ó fi ọmọ rẹ̀ tó kú búra fún mi. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá sí ọsibítù kí wọ́n wo ojú iṣẹ́ abẹ mi. Iye ní oòrùn ti mú jù fún ọmọ, kí n fi í sílẹ̀, ó ṣáà ti mu ọmú yó. Ọkọ mi, tó gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí wa, fi mọ́tò gbé mi lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ ra epo, òun á padà wá gbé mi. Wọ́n dá mi lóhùn tán, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń retí rẹ̀, kò dé. Nígbà tó máa dé, ó ní táyà ló jò lọ́nà, ó ní òun fúnra òun ni òun pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti ra mínírà tútù dání fún mi. Òógùn bò ó lójú, ṣùgbọ́n aṣọ funfun tó wọ̀ kò ní àbàwọ́n kankan, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rùn fún ọṣẹ. Mo mu mínírà náà tán kí a tó délé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, ọmọ ń sùn. Iye ti fọ gbogbo nápì, ó ti sá wọn. Ó ti se àsáró, ó ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù. Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni ọmọ jí. Ó tọ̀, ó sì fi igbe ta. Kì í ṣe igbe ebi, kì í ṣe ti inú rírun, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Iye fò dìde pé òun á pààrọ̀ nápì rẹ̀. Bó ṣe sáré dìde yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kó jókòó, mo tú nápì náà fúnra mi.

Òwú ni mo rí, tí oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń kun ojú ọgbẹ́ ti rin gbingbin. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òwú náà dọ́gba.

N kò mọ bí àwo àsáró ṣe délẹ̀. Mo ní, "Iye, kí lẹ ṣe?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀. "Abẹ tuntun ni," ó ní. "Mo se gbogbo nǹkan nínú omi gbígbóná. Díẹ̀ báyìí ni mo gé. N kò jẹ́ kí ọwọ́ onídọ̀tí kàn án, mo sì fún un ní oògùn ìrora." Ó ń tò ó sílẹ̀ fún mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń retí kí n yìn ín.

"Ẹ fi ọmọ yín tó kú búra fún mi!"

"Mo mọ̀. Nítorí òun ni mo ṣe dá ẹ sí. Mo rò pé mo gbà ẹ́ là ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọkùnrin rẹ jáde tí kò mí, mo mọ̀ pé èmi ni mo pa á. Ká ní mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ẹ ni, ọmọ yẹn ìbá wà láyé. Ṣé kí n tún káwọ́ gbera kí n máa wo eléyìí náà títí òun á fi dàgbà, tí òun á fi sin ọmọ tirẹ̀?"

"Okùn ìwọ́ ni! Mo ṣàlàyé fún yín!"

"O ṣàlàyé fún mi, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí kì í bá wá ṣe ìwọ́ ńkọ́?"

Mo wo ìyá mi bí ẹni tí n kò rí rí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ rere fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Iye náà ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú ọkàn rẹ̀, àpẹẹrẹ búburú. Lójú tirẹ̀, ó dá dúró, ó kọ̀ fún gbogbo ilé, nǹkan sì ṣe ọmọ rẹ̀. Òye rẹ̀ yé mi, iṣẹ́ mi ni kó yé mi. Òye yẹn kò sì ṣe mí ní àǹfààní kankan. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé ìyá mi lòwe náà ń bá wí.

Nígbà náà ni mo rántí ohun tí mo kọ sínú iṣẹ́ mi. Mo bi í pé, "Ta ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú?"

Iye gbójú sílẹ̀. "Èmi nìkan ni."

"Ẹnì kan kì í dá a ṣe. Ta ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú?"

"Èmi nìkan ni."

Ẹni tó ti jẹ́wọ́ abẹ fún mi, ibẹ̀ yẹn ló ti parọ́, kò sì yẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó bá wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo lẹ́nu rẹ̀. Ó da ẹrù Iye síta. Ó ní kó má tún fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lọ sí gáréèjì kó wọkọ̀ padà sí Òkè-Bùkún. Òfin wà tó de irú nǹkan bẹ́ẹ̀. N kò fa ìyá mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, n kò sì dárí jì í.

Kò sí ẹni tó máa wẹ ọmọ mọ́. Èmi kò lè bẹ̀rẹ̀ nítorí ojú iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà kí obìnrin kankan ládùúgbò fọwọ́ kan ọmọ mi, torí èyíkéyìí nínú wọn ló lè jẹ́ ẹni tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọkọ mi ní òun á máa wẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó jókòó sórí àpótí, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó na ẹsẹ̀, ó sì ń wẹ ọmọ. Òun náà ló ń fọ ojú ọgbẹ́ yẹn títí tó fi jinná. Mo rí i tó ń sunkún níbẹ̀ nígbà kan, mo yẹra kí ojú má baà tì í. Àwọn obìnrin wá ń yọjú láti wo ọkùnrin tó ń wẹ ọmọ ìkókó, wọ́n ní mo ti rí ọkọ fẹ́. Mo fi yangàn dé ibi iṣẹ́. Bí ayé ti dà mí tó, mo ní mo ṣì ní ẹnì kan.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Nígbà tó yá, ọkọ mi gbà kí Iye máa wá bí ọdún bá dé, á jókòó sí pálọ̀, n kì í fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan. Ọ̀rọ̀ àárín wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Á ní, "Okun o, ọmọ mi." Èmi á ní, "Ta ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú?" Á mu omi tí a gbé fún un. Ní kíláàsì, mo ti yọ ìtàn rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ mi. Èyí tó kù ni mo ṣì ń kọ́ wọn bó ṣe wà, títí kan ibi tí mo ti ní ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin ni.

Lọ́dún yìí, mo tún bí obìnrin. Iṣẹ́ abẹ náà tún ni. Àárọ̀ kan, ọkọ mi ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó gbé e dání, nígbà tí Iye wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè é. Ó ti darúgbó gan-an. Kànìnkànìn tuntun yọrí nínú àpò rẹ̀.

Ọkọ mi tún gbé ariwo rẹ̀ dé. "Ẹ tún dé? Ẹ ti ṣe ọmọ kan léṣe fún mi, ẹ tún wá ṣe èkejì? Ẹ jáde! Ẹ ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi!"

Iye gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó, ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Àna mi, mo bò ẹ́ láṣìírí nítorí kí ilé ọmọ mi má baà tú. N kò lè bò ẹ́ mọ́ kí o tún máa fi lé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ lo wá bá mi ní Òkè-Bùkún kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn. O kúnlẹ̀. O ní o kò lè tún gbé pósí kékeré mọ́ láyé rẹ. Lọ́jọ́ tí a ṣe é, ẹsẹ̀ ọmọ ń yọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o sì ń sọ pé kí n yára, ìyàwó rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Mo ń retí kó ní irọ́ ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ti máa ń ṣe.

Táyà tó jò. Aṣọ funfun tí kò ní àbàwọ́n. Ọwọ́ tó ń rùn fún ọṣẹ. Mo mu mínírà yẹn tán, mo sì dúpẹ́. Nígbà tí Iye ń fi òkú ọmọ rẹ̀ búra fún mi, àwọn méjèèjì ti jọ ṣe àdéhùn wọn tán. Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí ká gbogbo ilẹ̀ Okun, mo bi obìnrin gbogbo, mi ò bi ọkùnrin kan ṣoṣo, torí ẹnì kan ní kíláàsì ní wọn kì í sí níbẹ̀, tí mo sì ní òótọ́ ló sọ.

Mo gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo jókòó sórí àpótí, ojú iṣẹ́ abẹ ń fà mí, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ sí i. Ó ń ké. Mo mú kànìnkànìn, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta, n kò tíì wẹ ọmọ ìkókó rí.

Iye ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ ki ìgunpá bọ omi náà, bí kò bá ti jó mi, kò ní jó ọmọ. N kò dá a lóhùn. Mo ki ìgunpá bọ omi.